Ọjọ́ Tí Àmọ̀tẹ́kùn Orí Yìnyín Fi Ẹsẹ̀ Rìn

"Kí wọ́n fi aṣọ dì mí lójú, ìyàwó, kí wọ́n yí mi po títí òòyì yóò fi kọ́ mi, ẹsẹ̀ mi yìí náà ni yóò gbé mi dé Adágún Tunuk. Òkè yẹn mọ̀ mí. Bí mo bá ti yọ sí i lókèèrè, ńṣe ló máa ń tún ara ṣe."

Ohun tí Omurzak ń sọ nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, pẹ̀lú àkàrà ìyẹ̀fun díndín ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti ọ̀rá wàrà lára irùngbọ̀n. Burulcha, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bu tíì sí i, ó sì dá a lóhùn wẹ́rẹ́ pé ó dá òun lójú pé òkè náà kò fojú kan oorun láti àná, nítorí ìrètí. Omurzak mi orí. Ó gba ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ pọ́ńbélé.

Ó yẹ kí a fi ọkùnrin yìí hàn dáadáa, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò ní fẹ́ kí a fo ohunkóhun. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, òun ni ọ̀gá gbọ̀ngàn eré abúlé, níbi tí wọ́n ti ń fi sinimá hàn, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ti ń jó. Lẹ́yìn àga rẹ̀ ni wọ́n gbé àwòrán ńlá kan kọ́, àwòrán àwọn òkè oníyìnyín tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilẹ̀ tí wọ́n wà. Ó jókòó lábẹ́ àwòrán náà pẹ́ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn òkè inú rẹ̀ mọ́ èyí tí òun ti gùn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé àwòrán náà lọ sílé, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Àmọ̀tẹ́kùn Orí Yìnyín.

Àwa yòókù kò bá a jiyàn. A ń kí i tẹ̀ríntẹ̀rín: Àmọ̀tẹ́kùn Orí Yìnyín, a-fẹnu-gòkè-má-làágùn, a-jókòó-sórí-tìmùtìmù-ṣẹ́gun-àpáta, akọni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yọ́ yìnyín kí oòrùn tó jí. Ó ń gba gbogbo rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

A kò gbọdọ̀ rẹ́ ẹ jẹ ṣá o. Ó ti dé Adágún Tunuk lóòótọ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n orí Toru ni ó máa ń wà, ẹṣin pupa rẹ̀ tó ti dàgbà, tó sì ní ìwà pẹ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ti kúrò nílé, Omurzak a so ìjánu mọ́ gàárì, a fa fìlà bojú, a sì sùn. Nígbà tí yóò bá fi la ojú, omi adágún ni yóò máa wò.

Ní ayé tí a bá, èyí kì í ṣe ẹ̀sùn. Ta ni yóò fi ẹsẹ̀ rìn níbi tí ẹṣin lè dé? Nígbà tí àwọn òbí wa wà láyé, bí a bá rí ọkùnrin tó ń fi ẹsẹ̀ nìkan gòkè, ńṣe ni a máa ń sáré lọ bá a kẹ́dùn ẹṣin rẹ̀ tó kú. Ayé ti yí padà. Lóde òní, àwọn ará Bishkek, olú ìlú wa, a máa wá pẹ̀lú ọ̀pá ní ọwọ́ méjèèjì, wọn a rìn títí èékánná ẹsẹ̀ wọn yóò fi dúdú, wọn a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Irú wọn ni Ẹgbẹ́ Afẹsẹ̀gòkè. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Venera ni olórí wọn, ẹni kúkúrú tí oòrùn ti bó awọ imú rẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹgbẹ́ náà ń wá ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò yóò máa gbà lọ sí adágún. Wọ́n fẹ́ ibi tí wọn yóò pàgọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, wọ́n sì fẹ́ ọmọ ilẹ̀ kan tí yóò jẹ́ alábòójútó rẹ̀. Orúkọ alábòójútó yìí ni wọn yóò kọ gàdàgbà sára pátákó, tí wọn yóò sì rì í mọ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Láti ọjọ́ tí Omurzak ti gbọ́ nípa pátákó ni kò ti lè jẹun dé ìsàlẹ̀ àwo. Ó ránṣẹ́ sí wọn pé òun rèé. Ó ní òun ni ọ̀nà náà, ọ̀nà náà sì ni òun. Kí wọ́n má bàa wo ibòmíràn, ó fi ibi ìpàgọ́ kún un lọ́fẹ̀ẹ́: pápá etí odò tó wà níwájú àgọ́ tí ìdílé rẹ̀ ń gbé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní ibùdó àwọn darandaran, ilẹ̀ títẹ́jú tó ní koríko tútù.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan Burulcha. Pápá yẹn ni ó ti ń so àwọn ọmọ ẹṣin rẹ̀ mọ́ okùn gígùn ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ ni ó sì ti ń fún wàrà àwọn ìyá wọn. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti dolóògbé, ló fa àwọn abo ẹṣin náà lé e lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà ní ilé náà, àwọn nìkan ni ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kì í ṣe tirẹ̀. Abo ẹṣin kì í sì í fi wàrà sílẹ̀ nínú ariwo. Bí àjèjì bá ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ létí rẹ̀, yóò fa wàrà náà sókè padà, korobá yóò sì wà lófìfo. Bí àwọn Afẹsẹ̀gòkè bá fi lè pàgọ́ síbẹ̀, àwọn abo ẹṣin yóò di ti agbo ẹlòmíràn ní ìsàlẹ̀ àfonífojì.

Ó ti gbìyànjú láti sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, nígbà tó ń tú bàtà lẹ́sẹ̀ bàbá ọkọ rẹ̀.

"Baba, níbo ni àwọn abo ẹṣin yóò wà?"

"Ẹṣin kì í ṣe igi, ìyàwó. Wọn yóò rìn lọ síbòmíràn."

"Níbo ni ibòmíràn náà, Baba?"

"Òkè pọ̀," ni Omurzak wí, ó sì na ẹsẹ̀ kejì sí i.

Kubat, ọkọ rẹ̀, wà lẹ́yìn òkè kejì pẹ̀lú àwọn àgùntàn títí yìnyín yóò fi lé wọn sọ̀kalẹ̀, fóònù kì í sì í dé ọ̀hún. Burulcha kò ní ẹni tí yóò bá a dá sí i. Obìnrin ilé kì í já bàbá ọkọ níyàn. Kò gbọdọ̀ dẹ̀yìn kọ ọ́. Kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ìborùn funfun bò ó lórí wọ ilé náà ni orúkọ gbogbo ọkùnrin ilé tó ju ọkọ rẹ̀ lọ ti di èèwọ̀ ní ẹnu rẹ̀, bó ti rí fún ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀. Ohun tí obìnrin tó bá já fáfá máa ń ṣe ni pé yóò fún oníkálukú ní orúkọ mìíràn tí yóò máa pè é. Ní gbangba, "Baba" ni Burulcha ń pe Omurzak. Orúkọ kan tún wà tó ń pè é nígbà tó bá ku òun àti àwọn abo ẹṣin nìkan, àwọn wọ̀nyí kì í sì í ṣòfófó.

Báyìí ni àwọn Afẹsẹ̀gòkè ṣe dé, tí wọ́n tò sí iwájú àgọ́ pẹ̀lú àpò ẹ̀yìn àti ọ̀pá wọn. Omurzak jáde sí wọn. Ó dé fìlà funfun gogoro, ó wọ bàtà tuntun tó ń ké bí ìlẹ̀kùn, ó gbé awò awọ̀nà-jíjìn olójú méjì tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́ kọ́ ọrùn, ó sì lẹ àmì ẹ̀yẹ mọ́ àyà. Venera bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òkè wo ni ó gùn tí wọ́n fi fún un ní àmì náà. Omurzak fi ọwọ́ bò ó, ó ní òun kì í fẹ́ràn kí òun máa sọ̀rọ̀ nípa ara òun. Ẹgbẹ́ akọrin abúlé ló gba àmì yẹn, ní ọdún tí àwọn akọrin abúlé kejì kò lè wá nítorí pé afárá já.

Ó ti pa àgùntàn sílẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́. Ó ti ṣètò rẹ̀ lọ́kàn pé bí wọ́n bá padà dé, tí gbogbo àwọn àgbà ibùdó bá pé, orí àgùntàn yóò wá sí iwájú òun, níṣojú àwọn àlejò, bí ó ti yẹ ẹni tó gba ipò iwájú. Ó ti ń fi ahọ́n tọ́ ètè wò.

Ismanaaly, tó dàgbà jù ní ibùdó, gun ẹṣin rẹ̀ kọjá ní àkókò náà. Ó wo bàtà. Ó wo àwọn ọ̀pá.

"Omurzak, kí ló ṣe Toru?"

"Kò sí ohun tó ṣe é. Òfin ẹgbẹ́ ni. Ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lò."

"Ta ni ẹṣin ṣẹ̀ nínú wọn?"

Omurzak ní ọ̀rọ̀ àṣà tuntun ni, kò lè yé àwọn tí kò ríran jìnnà. Ismanaaly ní ó dára, kí wọ́n lọ ire kí wọ́n bọ̀ ire, ó sì wo ojú ọ̀run fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó fi ẹsẹ̀ gún ẹṣin rẹ̀ ní ìhà.

Burulcha ló gbé oúnjẹ àti wàrà ẹṣin kíkan nínú àpò awọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ẹgbẹ́ náà fẹ́ bá a pín ẹrù. Omurzak kọ̀, ó ní ó ti mọ́ ọn lára. Òun fúnra rẹ̀ kò gbé nǹkan kan, nítorí pé ẹni tó ń ṣíwájú gbọdọ̀ ní ọwọ́ lófo láti fi nawọ́ sí nǹkan.

Ó sì nawọ́ sí nǹkan. Ó ní níbí ni òun àti ìkookò ti wo ojú ara wọn. Ìkookò ló kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Lábẹ́ àpáta tọ̀hún ni òun ti sùn nínú ìjì yìnyín, tí òun sì láàágùn. Àwọn àlejò ń gbọ́, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń mí. Bí òkè ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ń kúrú sí i, títí ó fi ku pé kí ó máa nawọ́ láìsọ̀rọ̀.

Nígbà náà ni wọ́n dé ibi tí odò méjì ti pàdé. Ọ̀nà kan bá ti ọwọ́ òsì lọ, ìkejì bá ti ọwọ́ ọ̀tún.

Omurzak dúró. Burulcha, tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, rí i pé ó wo ibẹ̀ bí ẹni tó bá àlejò nínú yàrá ara rẹ̀. Ó wo òsì. Ó wo ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ kò ní gbàgbé: ó di ojú, ó tú ìka ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń dẹ ìjánu, ó sì fi ahọ́n ta ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, bí a ti í ṣe fún ẹṣin kí ó máa lọ.

Kò sí ohun tó mira. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dúró síbi tí ó fi wọ́n sí.

Ọ̀rọ̀ náà sì yé Burulcha lẹ́sẹ̀ kan náà. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Toru ló ń lọ sí adágún. Omurzak kàn ń bá a lọ ni. Burulcha náà kò mọ ọ̀nà. Ilẹ̀ ìrẹsì Özgön ni wọ́n ti gbé e wá, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú bí ẹní. Láti ìgbà tó sì ti dé, kò tí ì rìn kọjá ibi tí àwọn abo ẹṣin rẹ̀ ń jẹ̀ dé. Bí ó bá pariwo, ìrìn yóò parí síbẹ̀, pápá rẹ̀ yóò sì bọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin wo ni yóò dójú ti bàbá ọkọ rẹ̀ níwájú àlejò, tí yóò tún padà sílé náà lọ dáná?

Ó rọra sún mọ́ ọn. "Baba, ṣé kí n sáré lọ mú Toru wá?"

Omurzak yíjú sí i. "Kí ni Toru mọ̀ tí èmi kò mọ̀?" Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì ya òsì.

Wọn kò tí ì rìn jìnnà nígbà tí Venera yọ máàpù. Ó ní kí Baba má bínú, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ọ̀tún ni wọ́n yà á sí nínú èyí. Omurzak wo máàpù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó bi í pé ìgbà wo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Venera ní ó tó ọdún mẹ́ta. "Ẹ rí i," ni Omurzak wí, "òkè ti yí padà láti ìgbà yẹn."

Venera ká máàpù rẹ̀. Ará ìlú ńlá ni, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ wa ni síbẹ̀, a kì í sì í já onírùngbọ̀n funfun níyàn.

Ọ̀nà náà dín. Lẹ́yìn náà ó di òkúta. Lẹ́yìn náà kò sí ọ̀nà mọ́, àfi kòtò tóóró kan tí omi ń gbà sọ̀kalẹ̀ ní ìgbà òjò. Wọ́n ń fi ọwọ́ àti orúnkún gun ún. Omurzak ní ẹnu ọ̀nà adágún máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò bá tí ì mọ́ ọn lára. Wọ́n yí ẹ̀bá òkè kan ká, wọ́n sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n tún yí òmíràn ká, bẹ́ẹ̀ ni kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bọ̀ láti òkè, ó funfun, ó tutù, ó sì gbé wọn mì pátápátá. Burulcha na ọwọ́ síwájú, kò rí ìka ara rẹ̀ dáadáa.

Ohùn Omurzak jáde láti inú funfun náà. "Ẹ dúró níbí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹsẹ̀. Kí n lọ bá òkè yìí sọ̀rọ̀."

Wọ́n gbọ́ tí bàtà tuntun náà ń ké lọ, tó ń ké lọ, títí wọn kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Wọ́n dúró. Burulcha bu wàrà kíkan fún wọn, ó pín àkàrà, ó sì mú kí wọ́n sún mọ́ra kí ara wọn lè gbóná. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Burulcha bọ́ ìborùn onírun tó wà léjìká rẹ̀, ó wé e fún un. Òtútù náà wọlé sí egungun. Venera ń fọn fèrè kékeré kan tó so mọ́ àpò, ó ń dákẹ́, ó tún ń fọn ọ́n. Kò sí ìdáhùn. Bàtà tuntun kò padà wá.

Nígbà náà ni àyà Burulcha bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kò purọ́ fún ara rẹ̀: láti àárọ̀ ló ti ń gbàdúrà nínú kí ìrìn yìí bàjẹ́. Àdúrà tó gbà ni pé kí wọ́n ṣìnà díẹ̀, kí bàtà bó baba náà lẹ́sẹ̀, kí àlejò bínú, kí wọ́n lọ. Kò gbàdúrà pé kí ọkùnrin arúgbó já sínú ọ̀gbun. Agbéraga ni, òpùrọ́ ni, ṣùgbọ́n bàbá Kubat ni, ó sì tún jẹ́ bàbá àgbà tí àwọn ọmọ Burulcha máa ń gùn lẹ́yìn bí ẹṣin ní àsìkò òtútù.

Wọ́n gbọ́ ìró pátákò ẹṣin. Ismanaaly ló yọ nínú kùrukùru, pẹ̀lú àwọn àgbà mẹ́ta mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, olúkúlùkù lórí ẹṣin, tí wọ́n ń kùn. Ó ti rí àwọsánmà tó ń sọ̀kalẹ̀, ó sì ti pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n di gàárì. Fèrè Venera ni wọ́n tẹ̀ lé. Ismanaaly fi ojú ka àwọn àlejò, ó ní ẹ kú ewu. Ó tún wò yíká.

"Àmọ̀tẹ́kùn ńkọ́?"

Burulcha sọ fún un pé Baba lọ wo ọ̀nà, kò sì padà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà wo ara wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé bèbè gíga kan wà nítòsí ibẹ̀. Ismanaaly pín wọn káàkiri, ó ní kí wọ́n má jìnnà síra wọn ju ibi tí ohùn dé, kí wọ́n máa pè é. Wọ́n pè é. "Omurzak!" láti ọwọ́ òsì. "Omurzak!" láti òkè. Ohùn wọn lọ, ó kan òkúta, ó padà bọ̀. Kò sí ẹni tó jẹ́ wọn.

Burulcha náà ti rìn wọ inú kùrukùru. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu.

"Baba o!"

"Èmi nìyí, ọmọ mi!" ni àgbà tó wà lókè wí.

"Mo wà níbí, má bẹ̀rù!" ni àgbà tó wà ní òsì wí.

"Baba o!" ni ó tún ké. Ismanaaly náà dáhùn lẹ́yìn rẹ̀, ó bi í pé ṣé ó ti rí nǹkan. Gbogbo onírùngbọ̀n tó wà lórí òkè náà ni baba, kò sì sí ọ̀kan tí kò jẹ́ ẹ, àfi èyí tó ń wá.

Ó dúró. Orúkọ gidi tí àwọn àgbà ń pè lọ tí wọ́n ń pè bọ̀ wà ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó la ẹnu láti pè é. Ẹnu náà kọ̀. Ọdún tó ti fi pa á mọ́ pọ̀ jù. Àfi bí ẹni pé wọ́n ní kí ó bọ́ aṣọ lójú agbo. Ẹnikẹ́ni ì bá sì sọ fún un pé orúkọ náà kò tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí ló kù? Orúkọ kan ló kù, èyí tí àwọn abo ẹṣin nìkan mọ̀, tó ti fún un ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tó lò nílé rẹ̀, nígbà tó rí i pé láti ọjọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́ títí di ọjọ́ tó yọ́, akọni náà kò kúrò nídìí iná àfi ìgbà tó bá fẹ́ lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ó mí sínú. Ó dijú. Ó fi gbogbo agbára ọmọ Özgön ké e:

"Baba Ìdí-Ààrò o! Baba Ìdí-Ààrò!"

Òkè gbà á. Ó gbé e fún òkè kejì, òkè kejì gbé e fún ìkẹta, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ara wọn lọ sókè, bí ẹni pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá orúkọ tó bá a mu. Àwọn àgbà dákẹ́ lórí ẹṣin wọn. Fèrè Venera dákẹ́.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ìdáhùn ti wá. Láti ìsàlẹ̀ ni, kò sì jìnnà rárá. Ohùn náà nípọn, bí ohùn ẹni tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó! Ta ni ò ń pè bẹ́ẹ̀?"

Afẹ́fẹ́ sì yàn láti fẹ́ ní àkókò náà. Kùrukùru ya bí aṣọ ògbólógbòó. Lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀, ibi tí ọmọdé lè ju òkúta dé, ni àgọ́ kan wà tí èéfín ń yọ lórí rẹ̀, àgọ́ Ìyá Saadat, opó tó máa ń kó àwọn màlúù rẹ̀ jẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè. Níwájú rẹ̀ ni Omurzak dúró sí, láìwọ bàtà, láìdé fìlà, ó gbé àwo ọbẹ̀ dání, eérú sì wà ní ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ níbi tó ti fara ti ààrò. Lọ́wọ́ ẹ̀yìn àgọ́ náà, ẹni tí ojú rẹ̀ bá dá lè rí pápá etí odò àti àwọn abo ẹṣin tó ń jẹko. Láti àárọ̀, yíyí ni wọ́n ń yí po.

Ìyá Saadat yọ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn láti rí èrò. Ó ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n máa bọ̀, ọbẹ̀ pọ̀. "Bàbá ti sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní ẹ ti dé adágún, ẹ kàn ń ya fọ́tò lọ́wọ́ ni. Ṣé omi rẹ̀ dára?"

Venera ti fèrè rẹ̀ bọ àpò.

Omurzak wo àwọn àlejò tí ètè wọn ti di aró. Ó wo ọmọbìnrin tí wọ́n fi ìborùn wé. Ó wá ibi tí yóò gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ sí, kò rí. Ó ní òun sọ̀kalẹ̀ láti wá ìrànlọ́wọ́ ni. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Nígbà tó rí i pé kò sí èyí tó wọlé sí etí ẹnikẹ́ni, ó kọjú sí Burulcha, ó sì gbé ohùn sókè.

"Irú orúkọ wo lo pè mí níwájú ènìyàn?"

Ismanaaly ló dáhùn, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ti ẹni tó ń ṣe ìdájọ́ ààlà ilẹ̀.

"Omurzak, àwa mẹ́rin pe orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́ títí ohùn wa fi há. Ó dé etí rẹ, o kò jẹ́. Ìyàwó pe èyí ní ẹ̀ẹ̀mejì, o jẹ́ ẹ. Èwo ni orúkọ rẹ nínú méjèèjì?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì lè dá a dúró; ẹ̀rín náà ń mì ín lórí gàárì títí ẹṣin rẹ̀ fi bojú wẹ̀yìn wò ó. Láti ibẹ̀ ló ti ran gbogbo wọn, títí dé ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gbọ̀n. Burulcha nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìborùn orí rẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ gbóná bí iná, ó sì lọ bá baba náà gba àwo lọ́wọ́.

Àgùntàn tí a ti pa kò ṣeé dá padà. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ibùdó pé sí àgọ́ Omurzak, púpọ̀ nínú wọn láìjẹ́ pé a pè wọ́n. Nígbà tí baálé náà fi máa wọlé, àwọn àgbà àti àwọn àlejò ti fún ara wọn pọ̀ ní ọwọ́ òkè, ibi tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, tí a ń fi ẹni iyì jókòó sí. Wọ́n ti tẹ́ tìmùtìmù rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ̀bá ààrò ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Gbogbo wọn kàn ń wo òrùlé, bí ẹni tó ń ka igi àgọ́.

Ó jókòó síbẹ̀. Orí àgùntàn kọjá níwájú rẹ̀, ó lọ bá Ismanaaly.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Venera dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ibùdó. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn yóò la ọ̀nà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìdí afárá kan ní òdìkejì òkè ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn yóò sì pàgọ́ sí. Ó yíjú sí ibi tí Burulcha wà pẹ̀lú ìkòkò tíì. "Pápá yín dára, ìyá. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín." Burulcha bẹ̀rẹ̀ sí í dà tíì sínú àwo kan, ó sì ń dà á lọ títí ó fi kún jáde.

Ẹnìkan bèèrè pé orúkọ ta ni wọn yóò wá kọ sára pátákó. Ismanaaly ń fi ọ̀bẹ bó ẹran lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgùntàn, kò gbé ojú sókè.

"Ẹ kọ ti Toru. Òun nìkan ló ti rìn ín."

Omurzak la ẹnu láti fèsì. Gbogbo àgọ́ dúró de ọ̀rọ̀ náà. Ó wo iná, ó wo wọn, ó sì pa ẹnu dé. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé àwọn kò rí irú rẹ̀ rí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrì bo koríko, àwọn Afẹsẹ̀gòkè sì ti bá ọkọ̀ lọ. Burulcha gbé korobá rẹ̀ lọ sí pápá etí odò. Àwọn abo ẹṣin ti ń dúró, ọmú wọn ti kún. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìró bàtà àtijọ́, kò sì bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ káàárọ̀, Baba."

"Káàárọ̀." Omurzak dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò sí àmì ẹ̀yẹ mọ́ ní àyà rẹ̀. "Èwo ni kí n kọ́kọ́ tú wá?"

"Èyí tó ní funfun níwájú orí, Baba."

Ó tú ọmọ ẹṣin náà lórí okùn, ó mú un wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó jẹ́ kí ó mu díẹ̀ kí wàrà lè sọ̀. Lẹ́yìn náà ó fà á sẹ́yìn, ó fi apá ká a lọ́rùn, ó sì dì í mú. Burulcha fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó gbé korobá lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wàrà.